Orin gbogbo ni mò ń ṣe: ṣé kí n mú ẹyọ kan?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Òkè Àró níbí ní Àkúrẹ́ ni mò ń gbé. Mo máa ń kọ orin, mo sì máa ń fi kọ̀ǹpútà ṣe bíìtì, ìyẹn ìlù tí wọ́n ń kọrin lé. Láàárọ̀ Sátidé mo lè wà lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Kó tó dìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọ yunifásítì FUTA á ti dé fún tàkasúfèé, bàbá onífújì kan á sì ti máa pè mí pé rẹ́kọ́ọ̀dù òun ńkọ́. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní bí mo bá ń bá a lọ báyìí, n kò ní lórúkọ láéláé, pé ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo. Ṣé òótọ́ ni? Èwo ni kí n mú, èwo ni kí n fi sílẹ̀? Ẹ má kàn ṣàdúrà fún mi o, èsì ni mo fẹ́.

* * *

Àbúrò, èsì nìyí: má fi ọ̀kankan sílẹ̀ nítorí ohun tí ọ̀gá rẹ sọ.

Láti ìgbà tí a ti ń fi síídì gbé orin lọ sílé rédíò ni mo ti ń kọ orin fún olórin nílùú yìí, tí mo sì ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Àwọn tí mo rí tí iṣẹ́ yìí bọ́ lọ́wọ́ wọn, kì í ṣe pé orin tí wọ́n ń ṣe pọ̀ jù. Agbo orin kọ̀ọ̀kan ló ní bí wọ́n ṣe ń sanwó níbẹ̀, ló ní ìgbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́, ló sì ní ẹni tí wọ́n gbà pé òun ló ni orin. Ẹni tó bá gbé àṣà agbo fújì wọ agbo ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí tó bá ọmọ tàkasúfèé ṣe àdéhùn bí ẹni ń bá alága ẹgbẹ́ akọrin sọ̀rọ̀, gbèsè ni yóò jẹ. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń wá.

Òwe eku méjì yẹn, ọdẹ ni wọ́n pa á fún. Ìwọ ò lé eku kankan, àwọn eku ló ń wá ọ wá sílé.

Ẹ wo Laolu Akins. Onílù ni nínú BLO, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì tó gbé àwo àkọ́kọ́ jáde ní 1973. Ọkùnrin yìí kan náà ni pùródúsà, ẹni tó ń darí bí wọ́n ṣe ń gba orin sílẹ̀, tó wà lẹ́yìn Ṣínà Peters olórin jùjú nígbà tó gbé àwo Ace jáde ní 1989, tí Afrojuju gba gbogbo òde àríyá kan. Rọ́ọ̀kì rèé, jùjú rèé! Ta ló jẹ́ bi í pé èwo ló ń ṣe gan-an?

* * *

Mo ti ka èsì tí ẹ̀yin tó kù ń kọ sábẹ́ ìbéèrè yìí láti àárọ̀. Èyí tó pọ̀ jù ni pé Sunny Adé, ọmọ ọba Oǹdó, jùjú nìkan ló gbájú mọ́, òun ló sì jẹ́ kó dà bó ṣe dà. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? Inú ẹgbẹ́ Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá tí ẹ mọ̀ sí aláwàdà, ló ti ṣiṣẹ́ kó tó dá tirẹ̀ sílẹ̀, háíláìfù sì ni wọ́n ń kọ níbẹ̀. Nígbà tó di ọ̀gá nídìí jùjú tán, ó mú pedal steel guitar wọ inú rẹ̀, irinṣẹ́ tó jẹ́ pé orin country àwọn ará Amẹ́ríkà la ti mọ̀ ọ́n. Démọ́lá Adépọ̀jù ló ń ta á. Lónìí, bí ẹ bá gbọ́ ohùn jíta náà tó ń fà gùn-ùn-ùn lábẹ́ gángan, ẹ ó búra pé Oǹdó ni wọ́n bí i sí.

Ní 1982, iléeṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Island gbé àwo Juju Music jáde fún Sunny Adé, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Martin Meissonnier, sì ni pùródúsà rẹ̀. Nílé níbí, ojú kan àwo lè jẹ́ orin kan tó ń wọnú òmíràn láìdúró, bó ṣe máa ń rí lóde ìnáwó. Èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn òyìnbó, wọ́n gé e sí orin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ní 1984, nínú àwo Aura, Stevie Wonder ló fun hámóníkà. Àdéhùn òun àti Island parí lẹ́yìn ìyẹn, ọkùnrin náà padà sídìí orin gígùn rẹ̀ nílé bí ẹni pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó mọ ohun tí agbo kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ nìyẹn.

Bí Oǹdó bá jìnnà sí yín, ẹ dúró ní Ìlárá-Mọ̀kín, níbi tí Adaba FM wà. Ibẹ̀ ni Délé Òjó, olórin jùjú, ti wá. Inú ẹgbẹ́ Victor Ọláìyá oníháíláìfù ló ti jáde, ó wá gbé háíláìfù wọ inú jùjú.

Àmọ́ mo gbà fún ọ̀gá ọmọ yìí níbì kan. Olórin gbọ́dọ̀ ní orúkọ kan tí ará òde fi máa mọ̀ ọ́n. Bí o bá fẹ́ kọrin fúnra rẹ, tó jẹ́ pé lónìí o jẹ́ onífújì, lọ́la ajíhìnrere, ojú àwọn èèyàn á dà rú. Ti àwa tó wà lẹ́yìn gíláàsì sítúdíò yàtọ̀. Olórin ni oníbàárà wa. Olórin ò bìkítà nípa ohun tí o ṣe fún ẹlòmíì, ó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá o gbọ́ èdè tòun.

* * *

Ẹnì kan ní òun ò rí iṣẹ́ kankan nínú kéèyàn máa ṣe jingle, ìyẹn orin ìpolówó, fún olóṣèlú lónìí, orin ẹ̀mí lọ́la, pé ìyẹn ò yàtọ̀ sí kéèyàn máa sáré owó. Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó náà, torí òun lẹ ń yí ká láti àná.

Owó ṣọ́ọ̀ṣì, ìgbìmọ̀ ló ń fọwọ́ sí i. Bí o ò bá béèrè àsansílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa rántí fún ọ níbẹ̀, wọ́n á sì fẹ́ kí iṣẹ́ parí kó tó di ọjọ́ àjọ̀dún. Bí o bá sọ iye tí o fẹ́ gbà, wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á ní iṣẹ́ Olúwa ni. Dáhùn pé àmín, kí o tún iye náà sọ. Wọ́n máa ń san, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Ohun tó le níbẹ̀ ni pé bí orin bá ti jáde, gbogbo ìjọ gbà pé àwọn ló ni ín, títí kan ègbè tí ìwọ jókòó kọ ní òru. Èmi kì í bá wọn fa ìyẹn nínú ìpàdé. Kí a tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni mo máa ń béèrè pé níbo lẹ máa kọ orúkọ ẹni tó kọ orin sí.

Fújì yàtọ̀ pátápátá. Owó lọ́wọ́ ni, lójú ẹsẹ̀, nígbà míì ó ṣì wà nínú ọ̀rá bó ṣe kúrò lóde àríyá. Àmọ́ iṣẹ́ fújì kì í parí! Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é mọ ohun tí mò ń sọ. O ti ṣe mixing, ìyẹn pípa gbogbo ohùn pọ̀, tán, o ti fi ránṣẹ́, bàbá á tún pè: "Ọmọ mi, a gbàgbé Alhaji o." Wọ́n á wá kí Alhaji. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyàwó Alhaji náà fẹ́ gbọ́ orúkọ tirẹ̀. Oríkì lowó wọn, kò burú. Nítorí náà, ọjọ́ iṣẹ́ ni kí o máa gbowó lé, má gbowó lé orin. Ọjọ́ tí bàbá bá wọ sítúdíò, owó ọjọ́ yẹn dúró lọ́tọ̀. Bó bá fẹ́ kí gbogbo ìdílé Alhaji, kí wọ́n jọ máa kí wọn lọ.

Àwọn ọmọ tàkasúfèé á ní, "Ẹ̀gbọ́n, bó bá ti bẹ́, a jọ máa jẹ ẹ́ ni." Gba owó díẹ̀, iye tó máa bo epo àti dátà, kí o sì gba ìpín rẹ sínú ìwé. Bí wọn ò bá lówó rárá, tí wọn ò sì fẹ́ ìwé, a jẹ́ pé ọ̀rẹ́ ni wọ́n wá bá ọ ṣe, ẹ jọ máa gbá bọ́ọ̀lù.

Iṣẹ́ fíìmù máa ń dé lóru. Olùdarí á fi àwòrán inú eré ránṣẹ́ lórí WhatsApp, orin ẹkún ìyá tọ́mọ rẹ̀ kú ló ń wá, ó sì fẹ́ ẹ kílẹ̀ tó mọ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀, nítorí bí ọ̀kan bá dáa, òun náà á pe èkejì. Tópé Àlàbí pàápàá, orin inú fíìmù Yorùbá wà lára ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi mọ ohùn rẹ̀.

Ti òṣèlú ni mi ò ní sọ púpọ̀ lé lórí. Nígbà ìdìbò gómìnà ìpínlẹ̀ wa ní November 2024, jingle nìkan ni mò ń gbọ́ nínú oorun. Gba gbogbo owó rẹ kí fáìlì tó kúrò lọ́wọ́ rẹ. Lẹ́yìn ìdìbò, ẹni tó wọlé ò ráyè, ẹni tó fìdí rẹmi ò lówó.

Ṣé ẹ rí i pé ọwọ́ kan náà ló ṣe gbogbo rẹ̀, àmọ́ kò sí èyí tí owó rẹ̀ wọlé bíi ti ẹnìkejì?

* * *

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ti wá gbóná. Àwọn kan ní ẹni tó ń ṣe orin ìgboro kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan orin mímọ́. Àwọn míì ní kí wọ́n lọ jókòó, pé fújì fúnra rẹ̀, inú wéré tí wọ́n fi ń jí àwọn èèyàn nígbà ààwẹ̀ ló ti jáde, pé I.K. Dáíró sì ti gbé orin àwọn Aládùúrà wọ inú jùjú tipẹ́.

Àwọn tó sọ ìyẹn ni mo wà lẹ́yìn wọn, ṣùgbọ́n ẹ má fi ọ̀rọ̀ àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ṣeré. Bí mo ṣe rí i, kì í ṣe ìwọ gan-an ló ń bà wọ́n lẹ́rù, bíìtì ni. Mo mọ pùródúsà kan ní ojú ọ̀nà Oǹdó tó ta ìlù kan fún ọmọ tó ń kọrin ìfẹ́, ó tún yí jíta rẹ̀ díẹ̀, ó tà á fún ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìjọ. Ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ ní ìjọ, àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ orin ìfẹ́ yẹn dá a lóhùn. Ó parí níbẹ̀ fún un. Bíìtì tí o bá ti tà fún agbo kan, jẹ́ kó kú síbẹ̀.

Ní tèmi, orin tó ń yin yàhúù tàbí tó ń bú obìnrin ni mi ò kì í ṣe, ì báà jẹ́ ààrẹ ló gbé e wá. Ìyẹn ò kan ẹ̀ka orin kankan.

* * *

"Ìlù gbogbo ti wà nínú kọ̀ǹpútà, kí la tún ń wá onílù fún?"

Ẹni tó kọ èyí, mo fẹ́ kó wá jókòó ní sítúdíò mi lọ́jọ́ tí onígángan bá wá. Kò tíì fi kọ̀ǹgọ́ kan ìlù. Ó kọ́kọ́ gbé e sí abẹ́ apá, ó tẹ́tí sí ohùn olórin tí mo fi sí i létí, ó ń fún ọsán díẹ̀díẹ̀, ó ń tú u sílẹ̀, títí ìsàlẹ̀ ohùn ìlù fi bá ibi tí olórin ń parí gbólóhùn sí mu. Ó mi orí. Ìgbà yẹn ló wá bi mí pé, "Kí ni kí n sọ?"

Ìbéèrè yẹn ni ọ̀pọ̀ pùródúsà kò ní èsì fún. Wọ́n á ní, "Bàbá, ẹ ṣáà lù ú." Bàbá á wá lu ohun tó bá wá sí i lọ́wọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan gba ìlù báyìí sínú orin ìgbéyàwó. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tí ìlù sọ ní sítúdíò, bàbá ìyàwó ló gbọ́ ọ lóde: òwe kan tí wọ́n fi ń bú ahun, wọ́n sì lù ú lé orúkọ ọkọ ìyàwó lórí gbọnrangandan. Ẹni tó ń kọ orin ló yẹ kó kọ ọ̀rọ̀ ìlù náà, bó ṣe ń kọ lílé àti ègbè. Èmi máa ń kọ ọ́ sí ìwé, n ó kà á fún un sókè, òun á lù ú padà fún mi, a ó tún un ṣe títí yóò fi yé àwa méjèèjì.

Ohun kejì ni klíìkì, ìyẹn ohùn tí kọ̀ǹpútà fi ń ka àkókò sí olórin létí. Bí o bá ki klíìkì bọ onílù létí, ó máa bá a lọ lóòótọ́, àmọ́ á gan bí igi. Èmi máa ń yọ klíìkì, n ó fi agogo rọ́pò rẹ̀ lórí ìwọ̀n eré kan náà. Etí tó ti gbọ́ agogo láti kékeré mọ ibi tó ti lè fà sẹ́yìn díẹ̀ kó tó wọlé. Kọ̀ǹpútà ń rí àkókò rẹ̀, onílù ń gbọ́ agogo rẹ̀, kò sẹ́ni tó bínú. Máíkì náà, má gbé e dojú kọ awọ. Gbé e sókè díẹ̀, kó máa wo ìlù láti ẹ̀gbẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gbàgà-gbàgà awọ nìkan lo máa gbọ́.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí gùn ni pé iṣẹ́ tí mo kọ́ lára onígángan ni mò ń lò fún gbogbo orin tó kù. Bí ọmọ FUTA bá gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá wá sórí amapiano, orin ijó àwọn ará South Africa, tó ń sáré ní nǹkan bí 112 BPM (iye ìgbà tí ìlù ń dún ní ìṣẹ́jú kan), wàhálà rẹ̀ kì í sábà jẹ́ ìlù. Ohùn orin ló ń lọ sókè níbi tí ọ̀rọ̀ ń lọ sísàlẹ̀, ìyá àgbà tó bá gbọ́ ọ kò ní mọ ohun tó ń wí. N ó ní kó má kọ ọ́ mọ́, kó kàn sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ fún ìyá rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe gòkè tó sọ̀ kalẹ̀, ibẹ̀ la ó ti kọ́ orin. Onífújì ò nílò kí o sọ èyí fún un, inú rẹ̀ ló ti dàgbà. Ọmọ tàkasúfèé nílò rẹ̀ gidi, akọrin ṣọ́ọ̀ṣì tó ń túmọ̀ orin òyìnbó nílò rẹ̀ jù ú lọ. Àbúrò, bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́ pé kí ni fújì ṣe fún ọ, èyí ni kí o sọ.

* * *

Fún ẹni tó ń bi mí pé kí ló dé tí a máa ń gba ohùn lóru: NEPA ni. Jẹnẹrétọ̀ tó bá ń dún ní ẹ̀yìnkùlé, máíkì á gbọ́ ọ, ì báà jẹ́ pé o fi fóòmù bo gbogbo ògiri. Bátìrì àti ínfátà ni kí o kọ́kọ́ rà, kí o tó ra spíkà ńlá. Bí òjò Àkúrẹ́ bá sì ti bẹ̀rẹ̀ lórí páànù, gbàgbé ohùn. Jókòó ṣe bíìtì, tàbí kí o lọ wá iyán jẹ.

* * *

Ó di orí ìwé wàyí. Àwọn kan ní ìwé àdéhùn jẹ́ ti àwọn ará Èkó, pé ní Àkúrẹ́, bí o bá yọ bébà sí olórin, á sọ pé o ò fọkàn tán òun. Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà rí. Mo ṣì ń yọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ohun méjì ni èèyàn lè ní nínú orin kan. Àkọ́kọ́ ni orin fúnra rẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ àti ohùn. Èkejì ni rẹ́kọ́ọ̀dù tí a gbà sílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní master. Ẹni tó ni ọ̀kan lè má ni ìkejì. Bí ìjọ mìíràn bá gba orin tí o kọ, tí wọ́n tún un kọ pẹ̀lú akọrin tiwọn, rẹ́kọ́ọ̀dù tuntun yẹn kì í ṣe tìrẹ, orin inú rẹ̀ ṣì jẹ́ tìrẹ. Nínú òfin Copyright Act 2022 ti orílẹ̀-èdè wa, ẹ̀tọ́ lórí orin máa wà ní gbogbo ọjọ́ ayé ẹni tó kọ ọ́, ó sì tún máa wà fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ọmọ rẹ á jẹ níbẹ̀, ọmọ-ọmọ rẹ á jẹ níbẹ̀. Òfin yìí kan náà sọ pé kéèyàn tó lè gbé ẹ̀tọ́ náà fún ẹlòmíì, ó gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ò tó.

Ìwé tí mò ń sọ kò le. Split sheet ni wọ́n ń pè é. Èmi máa ń ya ojú ìwé kan nínú ìwé ìkọ̀wé: orúkọ orin, orúkọ gbogbo ẹni tó kọ nǹkan sí i, ìpín olúkúlùkù, déètì, ìfọwọ́sí. N ó ya fọ́tò rẹ̀, n ó jù ú sí WhatsApp tí gbogbo wa wà. Kò gbà ju ìgbà tí a fi ń mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, fi orúkọ ara rẹ àti orin náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ tí ìjọba bá fọwọ́ sí pé kó máa gba owó orin jọ fún àwọn tó kọ ọ́. ISRC ni nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá rẹ́kọ́ọ̀dù mọ̀, ISWC ni ti orin fúnra rẹ̀. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀kan ṣe èkejì fún ọ.

Àwọn ọmọ wa máa ń gbé orin sórí àwọn ojú òpó bíi Audiomack, Boomplay àti Spotify. Ibì kan wà tí wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tó kọ orin àti pùródúsà sí. Wọ́n á fo ibẹ̀, tàbí kí wọ́n kọ orúkọ tiwọn nìkan. Ní kí wọ́n fi hàn ọ́ kí orin tó jáde.

Ìpín náà ńkọ́? Níbí ni ìjà ti pọ̀, níbí sì ni agbo tún ti yàtọ̀ síra. Nídìí tàkasúfèé, ẹni tó mú bíìtì wá àti ẹni tó mú ọ̀rọ̀ wá sábà máa ń pín orin sí méjì, mo fara mọ́ ọn. Nídìí fújì, bàbá ló mú orin wá, òun ló mú ìlù wá, òun ló mú àwọn elégbè wá. Kí lo fẹ́ máa gba ìpín lé lórí? Ohùn lo gbà sílẹ̀. Gba owó iṣẹ́ rẹ, kí o kí wọn pé ó dàbọ̀. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, bí ìwọ lo kọ ọ̀rọ̀ tí o tún wá ohùn rẹ̀, ìwọ lo ni orin náà, ìjọ lè ní rẹ́kọ́ọ̀dù. Ẹnì kan ní mo ń ṣe ojúsàájú fún onífújì. Rárá o. Ẹni tó bá dá orin ni mò ń tẹ̀ lé.

* * *

Ẹ tún ti gbé Èkó dé. "Kò sí nǹkan kan ní Àkúrẹ́, kó wọ mọ́tò kó máa lọ."

Mi ò bá Èkó jà. Ibẹ̀ ni ID Cabasa ti ṣe Gongo Aṣọ fún 9ice ní 2008, tí òwe Yorùbá ń jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lórí ìlù òde òní. Ibẹ̀ ni Pheelz ti ń ṣe bíìtì fún Olamide, kó tó gbé ohùn ara rẹ̀ jáde tí ayé fi gbọ́ Finesse ní 2022. Ibẹ̀ ni Simi, tí ẹ mọ̀ sí olórin, ti jókòó ṣe mixing Gold, àwo Adekunle Gold ti 2016. Ohun tó wà ní Èkó ni pé ẹ̀ẹ̀kan náà lo lè bá gbogbo wọn pàdé nínú yàrá kan.

Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí. Ní Èkó, èèyàn lè máa ṣe amapiano nìkan kó sì rówó ilé san. Ní Àkúrẹ́, agbo kan ò lè bọ́ sítúdíò kan. Ṣọ́ọ̀ṣì á gbé ọ dé oṣù àjọ̀dún, òde àríyá á gba ìparí ọdún, àwọn ọmọ ilé-ìwé á wá bí ìyanṣẹ́lódì ò bá sí, rédíò á fẹ́ jingle nígbà tó bá wù wọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ ní kó mú ẹyọ kan, tí ẹ sì tún ní kó dúró sí Àkúrẹ́, ẹ mú ọ̀kan nínú méjèèjì. Bó bá fẹ́ mú ẹyọ kan, kó lọ sí Èkó. Bó bá dúró síbí, kó ṣe gbogbo rẹ̀, kó sì ṣe é dáadáa.

* * *

Ọmọ tó ni ìbéèrè ti padà. Ó ní òun gbọ́, àmọ́ orúkọ wo ni kí òun máa jẹ́? Orúkọ ìgboro rẹ̀ ló ń dún níwájú gbogbo bíìtì rẹ̀, ẹgbẹ́ akọrin sì ti ní àwọn ò fẹ́ ẹ nínú orin ìyìn.

Wọ́n ò jẹ̀bi. Yọ ọ́ kúrò nínú tiwọn. Ohùn tó ń pariwo orúkọ ẹni níwájú orin, ìpolówó lásán ni, o lè lò ó níbi tó bá bá a mu. Orúkọ tí bàbá rẹ sọ ọ́ ni kó wà níbi tí wọ́n ń kọ ẹni tó kọ orin sí, nínú gbogbo agbo, kí ó má sì yí padà, torí òun ni àwọn tó ń gba owó orin jọ máa wá. Kó gbogbo iṣẹ́ rẹ sí ojú kan tí èèyàn lè gbọ́ ọ, fújì lọ́tọ̀, orin ẹ̀mí lọ́tọ̀. Bí ọ̀gá rẹ bá tún sọ pé o ò lórúkọ, má bá a jiyàn, àgbà ni. Fi ìlíǹkì yẹn ránṣẹ́ sí i.

* * *

Ìyá wa kan béèrè nísàlẹ̀ pé ọmọ òun obìnrin ló ń kọ ọ̀rọ̀ orin fún àwọn ọmọkùnrin kan ní sítúdíò lọ́nà Ìjòmù, owó ọkọ̀ nìkan ni wọ́n ń fún un, àwọn orin náà sì ti ń jáde. Ó ní ṣé ẹ̀tọ́ kankan wà fún un.

Mà, ẹ kú iṣẹ́ òbí. Ó wà. Ọ̀rọ̀ orin tó kọ, tirẹ̀ ni títí dòní, bí kò bá ti fọwọ́ sí ìwé tó gbé e fún wọn. Kó kọ orúkọ gbogbo orin tó ti jáde sílẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sí wọn pẹ̀lú sùúrù, kó ní kí wọ́n fi orúkọ òun síbi tó yẹ lórí àwọn ojú òpó tí wọ́n gbé orin sí. Wọ́n lè tún un ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orin ti jáde. Kó má ju ìwé tó kọ ọ̀rọ̀ sí nù, kó má sì pa ohùn tó gbà sórí fóònù rẹ́, torí déètì wà lára rẹ̀. Kó má sì bá wọn jà, àwọn ọmọ náà lè má mọ̀, ọ̀pọ̀ wọn ò mọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n orin tó kàn, kó tó ka ìlà kan sí wọn létí, kí ìwé ìpín ti wà lórí tábìlì, kí gbogbo wọn sì ti fọwọ́ sí i.